Bọ̀dá Onímọ́tò, Ta Ni Ẹ Gbá?

Bọ̀dá onímọ́tò, ará Lálúpọn lẹ jẹ́ lónìí. Bó bá dọ̀la, ẹ lè jẹ́ ará Moníyà tàbí Akánrán, torí kò sí àdúgbò tí irú yín ò sí.

Ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, ọmọdé ò gbọdọ̀ fara kàn án. Ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ wá ńkọ́? Inú náílọ́ọ̀nù dúdú ló wà, ẹ ò ka ìlà kan níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló sún yín rà á. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ̀yin gbà fún un, Bọ̀dá! Ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an lẹ kọ́lé sí, ẹ wá fi mọ́tò ṣe sàárà.

Wọ́n kìlọ̀ fún yín. Wọ́n ní odò Ògùnpa ya lọ́dún 1980, wọ́n ní omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn. Ẹ ní ti ìgboro nìyẹn. Àṣé àgbàrá máa ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀ ẹni kó tó wọlé!

Òjò wá rọ̀, omi dé orí ìjókòó ọkọ̀. Àyà yín ń lù kìkì, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, òru ọ̀gànjọ́ lẹ ń pe gbogbo ẹbí, títí kan àna tí ẹ jẹ lówó. Ilẹ̀ mọ́, ẹ sáré ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, ẹ sítáàtì rẹ̀. Ó ní "kẹ̀", ó dákẹ́. Ẹ tún sítáàtì rẹ̀! Bí omi bá ti wọ ẹ́ńjìnnì, irin inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbàrá ṣẹ́kù, ẹ̀yin lẹ bá a parí. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín músẹ́: owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ti dé.

Ó dọ́fíìsì inṣọ́ránsì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ gba ìwé, ó ní, "Third party ni, sà. Ta ni ẹ gbá?"

"N ò gbá ẹnì kankan. Àgbàrá ló gbá mi."

"Kò sí ti àgbàrá níbẹ̀, sà."

Ẹ fárígá: "Èmi ni ẹnì kìíní, ẹ̀yin ni ẹnì kejì. Ta wá ni ẹnì kẹta bí kì í bá ṣe àgbàrá?"

Bọ̀dá, ẹ gbọ́. Third party tó kúrò ní 5,000 náírà tó di 15,000 láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹlòmíì ló wà fún. Bí ẹ bá ba dúkìá ẹlòmíì jẹ́, ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún un. Ní ti mọ́tò yín, kọ́bọ̀ ò sí. Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe, àwọn ilé-iṣẹ́ míì sì ń gba owó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi àgbàrá kún un.

Àyà tó ń já yín ò burú, ta ni mọ́tò rẹ̀ máa rì tí yóò máa jó? Ṣùgbọ́n ẹ fún un níṣẹ́ ṣe. Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí omi dé. Ẹ má sítáàtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bá yín kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Kí òjò míì tó ṣú, ẹ béèrè bóyá àgbàrá wà nínú ohun tí ẹ sanwó fún. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé mọ́tò sórí òkè.