Ẹ Bá Mi Wá Alátakò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: mo ti di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Èmi tí ẹ mọ̀ yìí, tí n kò lè bẹ̀rẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n má pe ẹni tí yóò fà mí dìde. Ìyá àwọn ọmọ mi ti gbọ́. Ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ bá jà. Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó ní kí ló dé tí n kò kúkú bá ẹni tó jẹ mí lówó jà, kí ìjà náà lè mú nǹkan wọlé.

Dókítà ló fà á. Ó ní kí n wá eré ìdárayá kan máa ṣe, kí ikùn yìí lè fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ro ti bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọdé tó ń gbá a kò ní dúró kí n mí. Mo ro ti eré sísá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ Kétu wa ní Benin yìí. Wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ọjọ́ tí mo dán an wò, n kò tíì kọjá ojúlé kẹta tí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ fi ju ọwọ̀ sílẹ̀, tó ní, “Yéè, ta ló kú?” Oní-zẹ́míjàn kan dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, òmíràn dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Èyí tó kéré jù nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ gùn ún, ẹ má san nǹkan kan.” Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá ti ń ṣe oní-zẹ́míjàn láàánú, kí olúwarẹ̀ yáa jáwọ́ nínú eré sísá.

Ìjà ló kù. Ìjà nìkan ni àgbàlagbà lè jà ní Kétu tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í nídìí. À ń jà lórí ààlà oko, à ń jà lórí ẹran ìnáwó tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá, à ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé garawa rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi. Orí òkè pẹrẹsẹ tí omi ti ṣọ̀wọ́n láti ìgbà tí Aláketu Ẹdẹ ti kó àwọn baba wa débí, ṣé ìjà lè wọ́n níbẹ̀? Èyí tí a kò ní ni ìjà tó ní òfin àti agogo, tí a ó jà tán tí a ó bọ ara wa lọ́wọ́, tí oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ jẹun.

Ká sọ tòótọ́, àkọsílẹ̀ ìjà wa kò fi bẹ́ẹ̀ dán. Akábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ wa, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀ àti yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká. Síbẹ̀ náà, ní 1886, àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, wọlé, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Ẹ sì mọ̀ pé obìnrin pọ̀ nínú ọmọ ogun Dàhòmì. Ní 2022, ìjọba gbé ère ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kalẹ̀ ní Kútọnu, ó ga tó 30 mítà. Ọmọ Kétu tó bá dé ìdí ère yẹn, kó rọra kí i, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti pàdé rí.

Nígbà tí mo wá ń wá ìjà tí mo lè fi ṣe eré, ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní ni mo kọ́kọ́ yà sí, ti àríwá orílẹ̀-èdè wa àti ti Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń pe ìjà pàṣán tiwọn ní ṣárò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti tó láya ní yóò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibùdó mìíràn yóò na pàṣán sókè, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì fi gbá a ní ìhà. Èyí tí wọ́n nà kò gbọdọ̀ fajú ro, áńbọ̀sìbọ́sí kó kígbe. Àwọn mìíràn a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a máa kọrin, wọ́n a ní kó tún un ṣe, pé èyí àkọ́kọ́ kò dùn àwọn. Èyí kò bá mi mu. Lọ́nà kìíní, mo ti láya. Lọ́nà kejì, bí nọ́ọ̀sì bá gbé abẹ́rẹ́ dání báyìí, àwọn tó wà níta ti máa ń gbọ́ ohùn mi.

Mo wá rántí Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Àwọn ni wọ́n ń gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Abidjan, tí wọ́n ti sọ Abidjan di ilé kejì. Níbi ọdún Òrìṣà Ògìyán, tí í ṣe ọdún iṣu tuntun, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti àwọn ará Òkè Màpó a máa gé atòrì, wọ́n a sì fi na ara wọn fún wákàtí bíi mélòó kan. Wọn kò bínú síra wọn o. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nídìí rẹ̀ ni pé Ògìyán fẹ́ràn iyán tó bẹ́ẹ̀ tó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, babaláwo, tí ń jẹ́ Awólèjẹ. Babaláwo yìí rìnrìn-àjò, ó pẹ́, nígbà tó fi máa padà dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ọba ńlá. Ó dé ẹnubodè, ó ní òun ń wá ọ̀rẹ́ òun ajẹyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ta ni ń pe kábíyèsí ní ajẹyán? Wọ́n nà án ní ànàbolẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Láti ọjọ́ náà, òjò kọ̀, obìnrin kò lóyún, ìlú dàrú fún ọdún méje kí wọ́n tó mọ ẹni tó wà látìmọ́lé. Kábíyèsí bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dáa, òun gbà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí gbogbo ìlú máa fi ọ̀pá na ara wọn.

Mo fẹ́ràn babaláwo yìí. Bó bá ṣe tòde òní ni, yóò gba lọ́yà, ẹjọ́ yóò ṣì wà ní kóòtù, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì ti fẹ̀yìn tì. Ó kàn pín ẹgba náà kárí, ó padà sí ìdí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil pàápàá gbé àṣà náà dání lọ. Wọ́n ṣì ń fi atòrì kan ara wọn lára níbi ọdún Oxaguiã wọn. Gbogbo èyí nítorí iyán! Ǹ bá darapọ̀ mọ́ wọn ní Èjìgbò, àmọ́ atòrì kò mọ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kí n má wulẹ̀ sọ. Ní Chipping Campden, níbi ìdíje tí lọ́yà kan tí ń jẹ́ Robert Dover dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1612, ọkùnrin méjì a di ara wọn lọ́rùn ẹ̀wù mú, wọ́n a máa fi bàtà gbá ara wọn lójúgun títí ọ̀kan yóò fi ṣubú. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kì bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kó má baà dùn wọ́n jù. Àwọn yìí kan náà ló kọjá òkun wá ṣàlàyé ọ̀làjú fún àwọn ará Mẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ààlà.

Èyí tó wá gba ọkàn mi ni wọ́n ń pè ní chess boxing. Ayàwòrán kan, Enki Bilal, tí wọ́n bí ní Belgrade àmọ́ tó ń gbé ní Faransé, ló yà á sínú ìwé ìtàn aláwòrán rẹ̀ tó jáde ní 1992. Ní 2003, ọmọ ilẹ̀ Holland kan, Iepe Rubingh, yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ó gbé tábìlì chess sáàárín ibi ìjà, òun fúnra rẹ̀ sì jà á ní Amsterdam. Ó borí. Kì í ṣe pé ó lu ẹnìkejì dákú o. Àkókò chess ti ẹnìkejì ló tán.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á jókòó ta chess fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Agogo á dún. Wọ́n á gbé tábìlì kúrò, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á lu ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Agogo á tún dún, tábìlì á padà, wọ́n á máa fi ojú tó ti wú wá ibi tí ọba àwọn wà. Abala 11 ni gbogbo rẹ̀: mẹ́fà fún chess, márùn-ún fún ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó dákú ti pàdánù, ẹni tí ọba rẹ̀ há náà ti pàdánù. Ìjà tí ọlọ́gbọ́n tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lè jà nìyẹn, mo sì rí ara mi níbẹ̀ kedere.

Ta ló wá ní chess ní Kétu? Kò sí wàhálà, ayò wà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Àti pé, bí ẹ bá rò ó dáadáa, a ti ń ta ayò mọ́ ẹ̀ṣẹ́ tipẹ́. Òfin ni a kò kọ. Mo wà níbi tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti alágbẹ̀dẹ kan ti ń ta á lábẹ́ igi. Tíṣà kó ọmọ ayò sọ́wọ́, ó ń mì í wọṣẹwọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bí ẹni tí wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún, ojú rẹ̀ sì ń ka ihò alágbẹ̀dẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ ní, “Ọ̀pẹ, ta á kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú èyí lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, tí gbogbo wọn fi di oní-epo kpayo?” Tíṣà kò fèsì. Ó ta á, ó jẹ, ó tún jẹ. Òǹwòran kan tí kò sí ẹni tó pè é na ìka sí ihò kẹrin, ó ní, “Ibẹ̀ yẹn, ibẹ̀ yẹn!” Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Tíṣà ní ta ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ọpọ́n dojú dé, ọmọ ayò tú sínú iyanrìn, adìyẹ dé, ó ṣa méjì lára wọn wò, ó tu wọ́n dànù. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Agogo kan péré ló yẹ kó dún níbẹ̀, ìjà náà ì bá ti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ni mo bá kọ òfin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ayò, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́. Fóòmù tìmùtìmù la ó fi rán ìbọ̀wọ́. Níbi chess boxing tí àwọn òyìnbó ń ṣe, wọ́n máa ń fi nǹkan bo etí àwọn oníjà kí wọ́n má baà gbọ́ ìmọ̀ràn òǹwòran. Ní tiwa, ẹnu òǹwòran ló yẹ ká dí, mo sì ti wádìí lọ́jà, fóòmù ibẹ̀ kò lè kárí wọn.

Mo gbé òfin náà lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí pé ṣé eré ìdárayá ni àbí àṣà, nítorí ẹni tó ń rí sí ti eré ìdárayá kọ́ ló ń rí sí ti àṣà. Mo ní méjèèjì ni. Ó ní kò sí fọ́ọ̀mù fún méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ bá ẹnìkejì, ẹnìkejì ní kí n padà lọ bá ẹni àkọ́kọ́, yàrá wọn sì kọjú síra. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ bára wọn jà.

Àwọn ìgbìmọ̀ wa náà nílò ìjà yìí ju èmi lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ló ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òun kò ní fi wákàtí kan kí àwọn èèyàn pàtàkì tó wà níjòkòó. Ẹbí tó fẹ́ pín ilẹ̀ á ti pín in tán kó tó di abala kẹta, nítorí àwọn tí ń dá ìjà sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ bọ́ ẹ̀wù.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. Wọ́n á ní Kétu kò nílò ìjà tuntun, a ti ní Ẹ̀fẹ̀. Òótọ́ ni. Lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀fẹ̀ yóò jáde síwájú gbogbo ìlú, yóò fi orin bá olè, alágbèrè àti olóyè aláìṣòótọ́ wí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. UNESCO gan-an ti gbóṣùbà fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí oníjà ṣe ń wò ó: Ẹ̀fẹ̀ nìkan ló ń gbá ẹ̀ṣẹ́ láti alẹ́ mọ́júmọ́. Ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ gbá kò lè gbá a padà, ìyàwó olúwarẹ̀ wà láàárín èrò, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, abala kejì wà.

Nítorí náà, mo ń wá alátakò. Kó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kó mọ ayò ta, kí ikùn rẹ̀ má kéré sí tèmi, kó sì gbé fóòmù tirẹ̀ dání. N kò gba alágbẹ̀dẹ. Owó ìwọlé jẹ́ igba sẹ́fà. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ kò ní san nǹkan kan, bí wọ́n bá ti lè ṣèlérí pé àwọn kò ní kọ ọ́ lórin.