Ebi Ń Pa Mí, Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Ní Irọ́ Ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o! Ẹni tó bá ti febi pa ara rẹ̀ rí nítorí kó lè rù, kó sún mọ́ mi níbí ká jọ ké e. Ẹni tí ò bá ṣe é rí, kó dúró náà, torí ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ ara tèmi fúnra mi, ara tí mo ń wẹ̀ tí mo ń fi ìpara kùn láràárọ̀. Ohun tó ń ṣe fún mi, ọ̀tá kì í ṣe é fún ọ̀tá.

Kálórì 800 lóòjọ́ ni dókítà ní kí n máa jẹ. Ẹgbẹ̀rin! Fún odidi ọkùnrin tó níyàwó nílé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì! Bí ẹ ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ kálórì, ẹ má dààmú, ìyà ló fi han èmi náà. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa, kálórì bíi 120 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fúnra yín: bí mo bá lá epo lásán ní ṣíbí méje, tí mi ò rí iṣu fi tọ́ ọ wò, tí mi ò rí ẹyọ ẹ̀wà kan, oúnjẹ òòjọ́ mi ti tán nìyẹn, mo tiẹ̀ ti jẹ gbèsè wọ ọ̀la. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi, bíi 2,500 ni wọ́n ní ó ń jẹ. Ohun tí wọ́n wọ̀n fún mi ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni mo wà ni?

Ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Dókítà wa, ọmọ tí mo lè bí, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti ṣe é nílùú òyìnbó, ó sì dáa.” Ó ní Mike Lean àti Roy Taylor fún àwọn onítọ̀ ṣúgà ní Scotland àti agbègbè Newcastle ní oúnjẹ tí ò ju kálórì 850 lọ lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ìtọ̀ ṣúgà ti fi ẹni 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sílẹ̀ láàárín ọdún kan, láìlo oògùn. Inú mi dùn! Mo ní bí òyìnbó bá jẹ ẹ́ tí kò kú, kí ló fẹ́ pa ọmọ Ìbàdàn? Ohun tí ọmọ yìí ò sọ fún mi ni pé àwọn tọ̀hún ò ná kọ́bọ̀ lórí ọbẹ̀ àti mílíkì pípò tí wọ́n ń mu dípò oúnjẹ. Èmi, owó àpò mi ni mò ń fi ra ìyẹ̀fun inú agolo tí mò ń pò mu, èyí tí owó rẹ̀ ń lọ sókè lósọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o: mò ń ná owó tó ju owó oúnjẹ lọ, kí n má baà jẹun!

Ẹ̀tàn gbáà ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kílò 118 ni mo jẹ́. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò ń já bọ́ lára mi, mo ń rìn ní pópó bí ọba. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń já bọ́? Omi! Wọ́n ní ṣúgà kan wà tí ara ń tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, tí gíráàmù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí oúnjẹ bá ti dín kù, ara á ná ṣúgà yẹn, omi á bá a lọ. Ìtọ̀ ni gbogbo ìgbéraga mi! Ẹ̀yìn ìgbà tí omi sì tán ni ọ̀rá gan-an ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó lọ títí ìwọ̀n mi fi dé kílò 106, ó wá ta kú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe ń wọn ara mi. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, kí omi tó kan ọ̀fun mi. Màá kọ́kọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá sì jókòó síbẹ̀ títí gbogbo ohun tó fẹ́ jáde á fi jáde. Màá bọ́ aago ọwọ́, màá bọ́ òrùka ìgbéyàwó (kí Ìyá Ìbejì má gbọ́), màá bọ́ awò ojú, màá bọ́ gbogbo ohun tí ènìyàn lè bọ́, màá gun ìwọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú mi síta, màá wolẹ̀. Mi ò ní rí nǹkan kan! Awò ò sí lójú! Màá tún sọ̀ kalẹ̀ lọ mú awò, màá gun un padà, kílò 106. Màá gbé ìwọ̀n lọ sórí táìlì ilé ìdáná, kílò 106. Lọ́jọ́ kan, mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, mo gbé àpò ìrẹsì kílò márùn-ún lé e lórí, kílò márùn-ún géérégé ló pè é! Ó mọ ìwọ̀n ìrẹsì, ó mọ ìwọ̀n gbogbo ayé, èmi nìkan ló bá ṣọ̀tá.

Mo sáré padà tọ dókítà lọ. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu! Ó ní bí mo ṣe ń rù náà ni ohun tí ara mi nílò ń dín kù, torí kílò méjìlá tí mo jù sílẹ̀ ti bá oúnjẹ tiwọn lọ, ara kékeré kì í jẹ tó ara ńlá. Ó tún ní ara ti rò pé ìyàn ti mú. Ó ti wá di ìyàwó ilé tó gbọ́ pé wọn ò ní sanwó oṣù: kíá ló ti ti àpò èlùbọ́ mọ́ inú yàrá, ló ti pa iná, ló ti ní kí gbogbo ọmọ lọ sùn. Abájọ! Abájọ tí ọwọ́ mi fi ń tutù lọ́sàn-án gangan, ní Ìbàdàn, nínú oòrùn oṣù Èrèlé! Èmi tí mo máa ń mi ẹsẹ̀ bí mo bá jókòó, tí Ìyá Ìbejì máa ń bá mi jà lé e lórí, mi ò mi ẹsẹ̀ mọ́. Ara ti fòpin sí i láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Dókítà ní omi tún máa ń dúró sára, á gba ipò ọ̀rá tó ti lọ, ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò mi fi ń já sílẹ̀ tí ìwọ̀n ò mì. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù. Iyọ̀! Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ní adùn nínú ayé mi!

Bí mo ṣe ń jẹ ìrora ìyẹn lọ́wọ́ ni Kẹ́hìndé, tó yẹ kó máa kàwé ìdánwò rẹ̀, tún ká mi mọ́ yàrá pẹ̀lú fóònù. “Dádì, ẹ wá wo èyí.” Ó ní láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, Ancel Keys febi pa ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn, fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú àwọn tí ogun febi pa ní Yúróòpù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n wọn ló bá a lọ, ẹsẹ̀ wọn ń wú fún omi, oúnjẹ ni wọ́n ń lá lálá, àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé oúnjẹ sísè jọ bí ẹni kó Bíbélì. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, “Kálórì mélòó ni wọ́n ń fún wọn?” Ó ní, “Bíi 1,570 lóòjọ́, Dádì.” Yéè! 1,570! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì tèmi! Ìyẹn ni Keys kọ ìwé ńlá lé lórí ní 1950, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di òní, èmi ń jẹ ìdajì rẹ̀ nínú ilé mi, ẹnikẹ́ni ò kọ gbólóhùn kan nípa mi!

Ọmọ náà ò tíì ṣe tán. Ó ní àwọn kan ti díje àtirù lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, nínú ètò The Biggest Loser, pé nígbà tí Kevin Hall àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ mẹ́rìnlá nínú wọn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tí wọ́n gbé e jáde ní 2016, púpọ̀ nínú wọn ti sanra padà, síbẹ̀ ara wọn ṣì ń ṣọ́wó ná, ohun tó ń jó lóòjọ́ fi nǹkan bíi kálórì 500 dín sí iye tó yẹ. Ọdún mẹ́fà! Ara ò tíì dárí jì wọ́n! Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ jáde ní yàrá mi.

Ibi tó wá ń dùn mí jù nìyí. Ìwọ̀n ní mi ò rù, àdúgbò ní mo ti rù jù! Ìyá alákàrà, tí mò ń dímú kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ti lọ sọ fún àwọn aládùúgbò pé àìsàn kan ń ṣe mí tí mò ń fi pamọ́. Wọ́n ti fi orúkọ mi sínú àdúrà ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì tí n kì í lọ. Ọ̀gbẹ́ni tí mo jẹ lówó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí àdéhùn wa di ìparí ọdún, wá jókòó sí pálọ̀ mi lálẹ́, ó ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun kàn ní kóun wá kí mi ni, ó ní ṣùgbọ́n bí mo bá lè rí díẹ̀ san báyìí, ọ̀la ò ṣe é mọ̀. Ẹ gbọ́ bí! Ọkùnrin náà ti ń sin mí! Ní ibi iṣẹ́, àwọn tó ń bá mi jẹ àmàlà tẹ́lẹ̀ ń sọ fún ara wọn pé owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ta ni kí n kó ìwọ̀n mi lọ bá, kó wá jẹ́rìí fún wọn pé kílò 106 ṣì ni mí, mi ò rù, mi ò ṣàìsàn, mi ò kú?

Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ síbi òkú àgbà kan. Wọ́n gbé iyán wá, òòrùn ẹ̀gúsí kún tẹ́ǹtì, bọ́kọ́tọ̀ jókòó sórí ọbẹ̀ náà ó ń wò mí, èmi ń mu omi inú ike. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oúnjẹ wa ò tẹ́ yín lọ́rùn ni?” Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, mo ní kó gbé e fún Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì jẹ tiẹ̀, ó jẹ tèmi, ó jẹ mọ́ínmọ́ín lé e, ó ní kí wọ́n di ìrẹsì sí náílọ́ọ̀nù fóun, ó jẹ ìyẹn náà nínú ọkọ̀ kí a tó délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rí ìwọ̀n mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gun un, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wá wò ó o, mo ti fi kílò kan rù!”