Mo Ṣíná Mọ́tò Láti Òkèèrè, Ó Sì Lọ Láìdágbére

Ní Igbó-Ọrà, ìbejì kì í sọ èèyàn di ẹni àpéwò. Bí ẹ bá dúró ní ìsọ̀ réwáyà wa tí ẹ kígbe pé "Bàbá Ìbejì!", ó kéré tán ẹni mẹ́ta ni yóò dáhùn, èmi náà á sì wà nínú wọn. Mo wá ń wá nǹkan tí àwọn Bàbá Ìbejì yòókù kò ní. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju Golf 3 tòkunbọ̀ kan lọ, tó ti rìn jìnnà láyé kó tó kàn mí. Mo pinnu pé n ó sọ ọ́ di mọ́tò tó ń ṣíná nígbà tí olówó rẹ̀ ṣì jókòó sínú ilé.

Àbúrò mi tó wà ní Chicago ló fa ọ̀rọ̀ náà. Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tí yìnyín bá bo ìta wọn, á tẹ bọ́tìnnì kan láti ilé ìdáná, mọ́tò rẹ̀ á ṣíná níta. Kó tó mu tíì rẹ̀ tán, inú mọ́tò ti móoru. Mo rò ó wò: bí nǹkan yìí bá lè lé òtútù, ó yẹ kó lè lé ooru. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán ní Ìbàràpá nínú oṣù Èrèlé mọ̀ pé ìjókòó rẹ̀ ń jóni bí agbada àkàrà. Ẹ̀rọ amúlétutù Golf mi sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Òun nìkan ni mo fi ń yangàn.

Mo ní kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú jíà wo ni mọ́tò yín ń lò?" Mo ní, "Jíà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni." Jíà ọwọ́ ni, èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì. Ká ní mo dáhùn bó ṣe yẹ ni, mi ò bá má rí nǹkan kan kọ lónìí.

Kí páálí náà tó dé, mo ti ka gbogbo ohun tí ojú mi bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ìsọ̀ réwáyà ní Pákò, mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, mo sì ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn. Mo ní láyé àtijọ́, ọ̀pá irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú mọ́tò, tí wọ́n á máa yí i tagbáratagbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà, ó lè dá èèyàn lápá. Mo ní Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe sítátà oníná ní 1911, tí Cadillac sì fi í sínú mọ́tò wọn ti 1912. Mo ní nígbà tó di 2004, General Motors ti ń ta Chevrolet Malibu tó lè ṣíná láti òkèèrè bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ jáde. Réwáyà tẹ́tí sí mi dópin. Ó ṣí bọ́néẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n Malibu tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé jíà ọwọ́ ni?"

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ náà dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Ó tú ike tó bo abẹ́ sìtíárìn, àwọn wáyà tó ti ẹ̀yìn ihò kọ́kọ́rọ́ wá sì yọjú. Àwọn ará Jámánì ti fún wọn ní nọ́ńbà: 30 ni èyí tí iná bátìrì wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, 15 ni ti ẹ́ńjìnnì, 50 ló ń pe sítátà. Réwáyà ní òun kì í gba nọ́ńbà gbọ́. Ó mú gílóòbù àyẹ̀wò rẹ̀, ó ń fi kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n máa yí kọ́kọ́rọ́. Èyí tó tàn láìyí kọ́kọ́rọ́ rárá, ti bátìrì ni. Èyí tó tàn tí kò sì kú nígbà tí sítátà ń yí, ti ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó tàn àmọ́ tó kú nígbà tí sítátà ń yí, ti fáànù ni. Èyí tí kò tàn àfi ìgbà tí sítátà ń yí, òun ni 50. Nọ́ńbà àwọn ará Jámánì àti gílóòbù réwáyà bára mu délẹ̀.

Àpótí kékeré tó wà nínú páálí ni yóò wá máa fún àwọn wáyà wọ̀nyí níná, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́: ti ẹ́ńjìnnì lákọ̀ọ́kọ́, kó sinmi díẹ̀ kí pọ́ǹpù lè gbé epo wá, kó tó pe sítátà. Rímóòtù kì í fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò mi kan ṣe rò. Ìgbì rédíò ló ń rán, tó ru àmì ìdánimọ̀ tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kí olè má baà rí i dà kọ. Ní ti kọ́kọ́rọ́, irin lásán ni ti Golf mi. Mọ́tò tó bá ní chip nínú orí kọ́kọ́rọ́ kò ní gbà kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kò bá dá chip náà mọ̀; wọ́n á ní láti fi àpótí mìíràn kún un tí yóò máa dúró fún kọ́kọ́rọ́. Àwọn mìíràn máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kejì pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ti bá olè ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Báwo ni àpótí yóò ṣe mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbà, kó lè fi sítátà sílẹ̀? Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè máa ka ìyípo ẹ́ńjìnnì láti ara wáyà kan. Ó sì lè máa wo iná bátìrì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, nǹkan bíi fóòtì 12 ni, bí alternator bá ti ń fi iná kún un, á gòkè sí nǹkan bíi 14. Réwáyà fẹ́ ọ̀nà kìíní. Mo ní ọ̀nà kejì ni kó ṣe, torí òun ló yá.

Ìgbà náà la wá kan ọ̀rọ̀ jíà. Mọ́tò ọtọ́, èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí sítátà yí àfi bí jíà bá wà ní P tàbí N. Golf mi kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe àpótí náà mọ̀, wọ́n sì ti la ètò sílẹ̀ fún jíà ọwọ́: ẹ fi jíà sí fírì, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ tẹ rímóòtù, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ tẹ rímóòtù, nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì yóò tó kú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, fírì ni jíà rẹ̀ wà dájú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìyẹn, àdéhùn ti bàjẹ́. Àpótí kò ní ṣíná láti òkèèrè mọ́, torí kò mọ ohun tí ẹni náà wọlé lọ fọwọ́ kàn.

Mo ní ètò yìí ti gùn jù. Mo ti kà á pé wáyà róbótó kan wà lára àpótí, tí èèyàn bá gé e, àpótí á gbà pé mọ́tò ọtọ́ lòun wà. Mo ní kó gé e.

Réwáyà gbé pílọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Bàbá Ìbejì, irọ́ lẹ ní kí n pa fún un yẹn o."

Mo ní, "Irọ́ kékeré ni."

Ó fa ìwé kan yọ nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kó gé e. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, mo tún fi déètì sí i tìgbéraga-tìgbéraga. Nǹkan kan ṣoṣo ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní yọ: wáyà tó lọ sí bíréèkì. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bíréèkì láìsí kọ́kọ́rọ́ níhò, kí gbogbo rẹ̀ kú. Mo jẹ́ kó ṣe é, nítorí kò fi owó lé e.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni pé rímóòtù náà ń lọ jìnnà. Wọn kò kọ ọ́ pé ògiri àti páánù yóò dí i lọ́nà. Bí mo bá ti kúrò lágbègbè ilé díẹ̀, Golf kì í dáhùn. Mo kà á pé bí èèyàn bá fi rímóòtù sábẹ́ àgbọ̀n, omi tó wà nínú orí á ran ìgbì náà lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró létí títì, tó fi nǹkan dúdú ti àgbọ̀n, tó la ẹnu, tó sì kọjú sí ilé rẹ̀, kò lè ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìyá alákàrà àdúgbò wa ló lọ bá ìyàwó mi pé kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí eyín tó ń dun Bàbá Ìbejì.

Rímóòtù méjì ló wà nínú páálí, ọmọ méjì ló sì wà nílé. Táyé gba ọ̀kan, Kẹ́hìndé fi igbe ta, mo sì fún un ní ìkejì kí ilé lè tòrò. Lóru ọjọ́ náà, Táyé tẹ tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ, mọ́tò ṣíná. Kẹ́hìndé tẹ tirẹ̀, mọ́tò kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí oorun fi gbé wọn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Ti epo gan-an kò tó ti bátìrì. Sítátà tó ń yí léraléra ti fà á gbẹ ju ohun tí alternator lè dá padà lọ. Wọ́n fi bátìrì aládùúgbò ràn án lọ́wọ́ láàárọ̀, ó ṣíná, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe gbé gbogbo àṣìṣe mi dání nìyẹn, tí mo wọ léésì, tí mo wà wọ́n lọ síbi ìkómọ ní Èrúwà.

Ibi tí mo rí gúnlẹ̀ sí dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Háńbíréèkì Golf mi ti di ọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà mo ṣe ohun tí awakọ̀ jíà ọwọ́ máa ń ṣe nírú ibẹ̀: mo fi í sí jíà kìíní, mo kọ táyà iwájú sápá kan, mo yọ kọ́kọ́rọ́, sìtíárìn sì tì pa. Apá ibi tí mo kọ ọ́ sí yẹn, àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbàlagbà kan sá ẹ̀gẹ́ láfún sí, ó funfun báláú.

A jẹ, a mu. Àwọn àgbà ń ráhùn ooru lábẹ́ ìbòòji. Mo yọ rímóòtù, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà hàn yín." Mo tẹ̀ ẹ́.

Golf fò. Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń yí jíà, jíà ń yí táyà, kò sí ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì tó lè là wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kò gbà. Àpótí wo bátìrì tó ti rẹ̀, kò rí 14, ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó tún pe sítátà. Golf tún fò. Bàbá kan bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún náà nìyí?" Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kó dúró, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ti aláàmù ni mo tẹ̀. Mọ́tò wá ń ké, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń fò lọ sínú ẹ̀gẹ́ ìyá àgbàlagbà náà. Kò sẹ́ni tó lè yí i sí ọ̀nà mìíràn, torí rímóòtù kì í ṣí sìtíárìn tó bá ti tì.

Mo sáré, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí àyè láti jókòó. Orí ni mo fi wọlé, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bíréèkì. Gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè níta, léésì mi sì ti di aláràńbàrà. Wáyà tí réwáyà kọ̀ láti yọ ló gba ògiri ilé tó kàn là.

Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ dé. Ó wo mọ́tò, ó wò mí. "Ọmọ mi, ta ló ń wà á?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò sẹ́ni tó ń wà á."

"Ta ló máa wá san owó ẹ̀gẹ́ mi?"

"Èmi ni, mà."

Ó ní, "Ó dáa. Mo ti rò pé a máa ní kí mọ́tò san án ni."

Mo san án, wọ́n sì bu ẹ̀gẹ́ tí táyà ti tẹ̀ sínú àpò fún mi, torí mo ti rà á. Réwáyà kò bú mi. Ó kàn ṣí ìwé rẹ̀ síwájú mi, ó fi ìka kan ibi tí mo fọwọ́ sí. Mo ní kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Nísinsìnyí, bí oòrùn bá pa Golf mi, mo máa ń ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n ó sì dúró díẹ̀ kí n tó wọlé.

Nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò burú. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ ọtọ́, ẹ lè ṣe é. Ẹ rí i pé wáyà bíréèkì wà, pé ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì bí bọ́néẹ̀tì bá ṣí wà, pé ìyípo ẹ́ńjìnnì ni àpótí ń kà. Ẹ má ṣe ṣíná mọ́tò sínú gáréèjì tí a ti pa dé láé, torí gáàsì tí kò ní òórùn wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pààyàn. Bí ó bá jẹ́ jíà ọwọ́, ẹ tẹ̀lé ètò náà látòkè délẹ̀, tàbí kí ẹ fi nǹkan náà sílẹ̀ pátápátá. Bí réwáyà yín bá sì ní kí ẹ fọwọ́ síwèé kí òun tó gé wáyà kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bírò padà fún un, kí ẹ ní kó má gé e.