Ẹ Kú Ìjókòó, Ẹ̀yin Afuntúbà

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń kí pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin afuntúbà inú ọ̀kẹ́sítírà, ẹ kú ìjókòó o! Ọdún 1835 ni Wieprecht àti Moritz gba ìwé-àṣẹ túbà, fèrè irin ńlá yẹn, ní Berlin. Mozart àti Beethoven ti filẹ̀ ṣaṣọ bora nígbà náà. Nítorí náà, alẹ́ tí orin àwọn baba yẹn bá kàn, afuntúbà ń bẹ nílé, ó ń fọ abọ́.

Alẹ́ tó bá sì yọjú ńkọ́? Ẹ wo orin Ayé Tuntun tí Dvořák gbé jáde ní New York lọ́dún 1893. Orin ọ̀hún lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn onígòjé òyìnbó ń fa ọrun bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Túbà? Ohùn 14 péré, ní apá kejì nìkan! Bí afuntúbà bá ti fun ún tán, á da omi inú irin sílẹ̀, á gbé e lé itan, á máa wo àjà. Ẹ má sì rò pé yóò gbàgbé ọjọ́ owó.

Ipò ọba ni ipò afuntúbà, ẹnì kan ló ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀kẹ́sítírà Chicago, Arnold Jacobs gun àga túbà lọ́dún 1944, kò dìde àfi 1988. Ọdún 44! Àwọn àrẹ̀mọ tó ń retí àga yẹn ti hu ewú lójú ọ̀nà.

Irin tó fi jọba gan-an, ikùn ẹlòmíràn ló fún un. Philip Donatelli, afuntúbà Philadelphia, ni ilé iṣẹ́ York rọ ọ́ fún. Àmọ́ ikùn bàbá yẹn yọ díẹ̀. Bó bá ti mí kanlẹ̀, ikùn á ti túbà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó bá tà á fún Jacobs, tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ní dọ́là 175, ìyẹn sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Túbà ọ̀hún ló wá dára débi pé àwọn alágbẹ̀dẹ Japan àti Switzerland rọ irú rẹ̀ tà. Donatelli, oúnjẹ kí lẹ jẹ tó wọ́n tó báyìí?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé èémí Jacobs fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan. Ikọ́ fée ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun èlò tó ń jẹ èémí bíi túbà. Síbẹ̀, nígbà ayé rẹ̀, òun ni wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn pé kó kọ́ àwọn ní mímí. Ẹ dé yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n èémí lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó ní dókítà lẹ wá rí. Ẹni tó gbé kàkàkí òyìnbó wá láti kọ́ orin, wọ́n á fún un ní ike kan: fẹ́ ẹ, kí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ fò, má jẹ̀ẹ́ kó balẹ̀! Á fẹ́ títí ojú á fi pọ́n, á dúpẹ́, á tún sanwó.