Ọdẹ Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀yin Ìyá Onímọ̀ràn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ́nnu pé òru ọjọ́ kan ni mo fi ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tán. Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, mo rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé tòkunbọ̀ ní Anthony níbí, mo rà á. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ojú ewé kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣì wà. Oorun ni! Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ń fi í sí, ìyàwó mi bá ń yọ ọ́ kà. Ó ti dé ibi tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà, ti pa ìyàwó rẹ̀, àtìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ ire. Ọmọ mi obìnrin, tí Harry Potter kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tún ní, “Dádì, ṣé èyí tí Ṣóyínká kọ nìyẹn?” Kí ni kí n ṣe?
Ọdẹ Abẹ́ Ìrọ̀rí, Anthony.

Ọ̀gá ọdẹ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ ò kà á tán lóru kan, ẹ fò ó ni. Gbogbo wa la fò ó. Tá a bá ti dé ibi ìwàásù, ewé mẹ́ta la máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan ká lè tètè bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Tíṣà ni Fágúnwà tó kọ ìwé náà, kò sì fi pátákó sílẹ̀ nílé nígbà tó ń wọgbó. Ẹ lọ ka ibi tí Ìrágbèje ti fi ọjọ́ méje gba àwọn ọdẹ nímọ̀ràn. Tí ẹ bá ń mirí pé “òótọ́ ni, òótọ́ ni”, ọ̀gá, ẹ ti darúgbó.

Ní ti ọmọ yín, Ṣóyínká ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìwé náà jáde ní 1938. Ó di 1968 kó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, odò sì ti gbé Fágúnwà lọ láti 1963. Ẹ sọ fún un pé àjẹ́ ni ìyá Harry, àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-Ògùn, ògbójú ọdẹ inú ìwé náà, ṣùgbọ́n tiwa fi ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ṣe ẹ̀gbọ́n.

Ìyàwó yín ló le. Ẹ má gbèjà Kàkó o! Ìyàwó Kàkó ní kó má lọ, Kàkó ní òun ń lọ Òkè Lángbòdó. Lọ́jọ́ Sátidé, tí tiyín bá ní ẹ jẹ́ ká lọ ra tòmátì ní Mile 12, tí ẹ ní ẹ ń kàwé, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ọwọ́ ìyàwó yín ni ọ̀bẹ wà. Ẹ gbé báàgì. Ẹ mú ìwé dání. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ketu á gbé yín dé ojú ewé ogójì.

Ìyá Onímọ̀ràn, pásítọ̀ wa ní ìwé òkùnkùn ni Igbó Olódùmarè. Ṣé kí n sun ún ni?
Arábìnrin, Ketu.

Fágúnwà náà ló kọ ọ́, Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló sì tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ yá pásítọ̀ kà. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò dá a padà, ẹ ra òmíràn.