Ajífariwokíni, Ẹni tí Bùùtù Rẹ̀ Ń Ṣáájú Rẹ̀ Délé

Ní ilẹ̀ Yewa, bẹ̀rẹ̀ láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, kò sí ìlú tí irú ọkùnrin yìí kò sí, ṣùgbọ́n ti Ìlóbì ni n ó sọ, nítorí ojú mi ti rí tirẹ̀, etí mi sì ti san gbèsè rẹ̀. Bí oòrùn Sátidé bá ti rọ̀, tí àwọn àgbà jókòó sábẹ́ igi ọ̀dàn tí wọ́n ń fi ayò lé ìrònú lọ, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mì tìtì, páànù orí ilé á máa gbọ̀n, àwo inú agbọ̀n á máa bá ara wọn jà, ewúrẹ́ tí ń jẹ èèpo iṣu á fi oúnjẹ sílẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Golf 3 kan, tí a rà ní Kùtọnu tí ó sì gba Ìdí-Ìrókò wọlé kí ìjọba tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní 2017, yóò tó rọra yọ ní kọ̀rọ̀. Ajífariwokíni dé nìyẹn, ọmọ a-sọ-bùùtù-dilé-ìlù, ọmọ a-talẹ̀-bàbá-ra-búúfà, ẹni tí ń kọjá lójú títì tí aláìsàn orí ẹní fi ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkàn òun ni ó ń lù kìì bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe pè é ní òtòṣì. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ti pá lóòótọ́, wáípà rẹ̀ kan kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n búúfà méjì tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 12 ni ó wà nínú bùùtù rẹ̀, áńpílífáyà mẹ́ta sì tò tẹ̀ lé wọn. Àwọn ni wọ́n lé táyà àpọ̀jù jáde, àwọn náà ni wọ́n lé ìjókòó ẹ̀yìn lọ sílé, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kadà ni ìyá tí ó bí i lọ́mọ ń gùn lọ sí ọjà Ìlaròó, nígbà tí ohùn ń fi ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ najú.

A lẹ wátì 3,000 mọ́ ara áńpílífáyà tí ó tóbi jù, òǹkà yìí ni ó sì máa ń kà fún ènìyàn kí ó tó kí i. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Fólítì 12 ni bátìrì ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè tó 14. Ẹni tí ó bá fi 14 pín 3,000 yóò rí i pé iná tí ó ń wá lé ní ámpíà 200, bẹ́ẹ̀ ni ọ́tánétọ̀ irú Golf yẹn kò sábà ju 90 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iná iwájú ọkọ̀ fi ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí búúfà bá ké, tí ọ̀gbẹ́ni náà sì ń sọ fún àwọn ọmọdé pé òun ni òun ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kírọ́sófà ni ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé dìjà. Etí ọmọ ènìyàn a máa gbọ́ ohùn láti orí ìgbọ̀nrìrì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé 20,000, kò sì sí ẹnu kan ṣoṣo tí ó lè sọ gbogbo rẹ̀ kí ó dán. Bí ìyáàlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀, tí àwọn omele mọ ibi tí wọn yóò ti máa gbè é, bẹ́ẹ̀ ni kírọ́sófà ń pín iṣẹ́: ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 80 tàbí àyíká rẹ̀, búúfà ni ó ni ín, ohùn olórin, ti sípíkà ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni, èyí tí ó ròkè kọjá 3,000, kí twítà gbà á. Ní 1976, Linkwitz àti Riley, àwọn méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, fi bí a ṣe ń pín in hàn, tí ojú ibi tí ohùn méjì ti pàdé kò fi ní wú, tí kò sì ní jin kòtò. Ẹ bi Ajífariwokíni léèrè ibi tí ó gé tirẹ̀ sí. Yóò wò yín tìyanu-tìyanu, yóò ní, “Kí ni mo fẹ́ gé? Gbogbo rẹ̀ ni mo sanwó fún!”

Bàbá Rẹ́wáyà kan ní Ìlaròó gbìyànjú lórí rẹ̀.

“Ọmọ mi, jẹ́ kí n ha ọ̀dà ara irin yìí kúrò kí n tó de wáyà áàtì mọ́ ọn, kí n sì ki fíúsì sí ìtòsí bátìrì, nítorí iná.”

“Ẹ má bínú, Bàbá, fíúsì a máa dín ohùn kù.”

“Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Gbogbo ayé ni, Bàbá.”

Orí ọ̀dà náà ni wọ́n de áàtì mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti tẹ iná mọ́ ọkọ̀, igbe tín-ín-rín kan a máa bá ẹ́ńjìnnì gòkè; ó sì ti gbà pé ọ̀kan nínú àwọn onífèrè ni. Bọ́tìnì géènì, tí a ṣe kí áńpílífáyà lè gba ohùn rédíò ní ìwọ̀n tí ó yẹ, òun yí i dópin, ó pè é ní fóliúmù, títí tí orí ìgbì ohùn fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wáyà inú twítà sì jóná. Ó ra òmíràn, ó jóná. Ó ní àwọn ará Kùtọnu ni wọ́n ń ta ayédèrú fún òun.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti owó tí ó kó fún onífújì kan pé kí ó kì òun nínú orin. Wọ́n kì í lóòótọ́, wọ́n dárúkọ baba rẹ̀ àti baba ńlá rẹ̀. Orin yìí náà ni ó sì ń lù yí Ìlóbì ká láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n búúfà ti gbé ohùn olórin mì, tí kò fi sí alààyè kan ní ìlú tí ó tí ì gbọ́ orúkọ náà.

Ìlú tí a ń wí yìí mà ni àwọn kan ń dárúkọ mọ́ ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO gbé oyè lé lórí ní 2001. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ maikirofóònù ni Èfẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti ń jáde lóru, tí ó ń fi ọ̀fun lásán bá olè, alágbèrè àti ìjòyè wí, tí kò sì sí ẹni tí ń sọ pé òun kò gbọ́. Èfẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni sí, ó sì kan Ajífariwokíni náà: wọ́n pè é ní ìkòkò òfìfo, wọ́n pè é ní ọmọ tí ń fi ìyá sórí ọ̀kadà tí ń fi pákó sínú mọ́tò, agbo bú sẹ́rìn-ín. Òun gan-an ni ó rẹ́rìn-ín jù. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tán tí ó fi ń wá ẹni tí ó fi fóònù gba orin náà sílẹ̀, ó sì mú un tọ Bàbá Rẹ́wáyà lọ. Ó ní orin náà dùn, Bàbá, ṣùgbọ́n kò ní báàsì, áńpílífáyà kẹrin ni yóò gbà á.