Ọwọ́ Mẹkáníìkì Wa Mọ́, Ó Dìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ lọ sílé ọmọ, ẹ sì fi gbogbo ìran sílẹ̀ fún èmi nìkan wò. Ẹ súnmọ́ mi, ká má pariwo. Ògiri ilé yìí létí, ti ìyàwó mẹkáníìkì sì mú ju ti ògiri lọ. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe òfófó. Ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ. Ojú mi ló kàn ń ríran jù.

Ṣé ẹ ti wo ọwọ́ mẹkáníìkì wa látìgbà tẹ́ ẹ ti dé? Ó mọ́ bí ọwọ́ akọ̀wé báǹkì! Ọwọ́ tá a jọ mọ̀, tí gíríìsì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, tí ọ́ìlì dúdú fi ìlà àtẹ́lẹwọ́ ṣe ilé. Ẹ rántí ọjọ́ ìkómọ tó dì mọ́ Bàbá Onílé tayọ̀tayọ̀, tí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kù sẹ́yìn agbádá funfun? Ẹ bi Ìyá Onílé bóyá àmì yẹn ti kúrò. Kò kúrò.

Tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ṣàdédé mọ́, kí ni ìyàwó ilé fẹ́ rò? Ó ní obìnrin kan ló ń bá a fọ̀ ọ́ níta. Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo ilé gbọ́. Èmi kò tiẹ̀ gbé etí sí ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni.

Bẹntiróòlù ló fi ń fọwọ́ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tú gíá tán, á bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé láàbọ̀, òun àtàwọn ọmọọ̀ṣẹ́ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi yanrìn gbo ó, wọ́n á wá da Omo lé e. Á mọ́ lóòótọ́, àmọ́ òórùn ńkọ́? Mo gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọkùnrin yìí, ó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán. Iyán o! Ọmọ Èkìtì sì ni ìyàwó tó gún un. Ẹkún ló kù tí kò sun.

Tíṣà tó fẹ̀yìntì, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ti kìlọ̀ fún un títí. Ó ní awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀, bẹntiróòlù á sì gbé ọ̀rá yẹn lọ pẹ̀lú gíríìsì. Awọ á gbẹ, á sán, ìdọ̀tí á wá rí ibi wọ̀ sí. Ó ní nǹkan kan tún wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní benzene, pé ó ń gba ara wọlé, ó sì ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Mẹkáníìkì ní, “Tíṣà, bí ọ̀gá mi ṣe ń fọwọ́ nìyẹn títí tí wọ́n fi kú.” Tíṣà na ìka sókè: “Ẹ ẹ̀n! Kí ló pa wọ́n?”

“Mọ́tò ló gbá wọn, sà.”

Títí dòní, n kò mọ ẹni tó borí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ Tíṣà, kò ní gbà. Orí àga rẹ̀ ló wà tó fi gbé gbogbo wa lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Goldie Lippman ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ rọ́bà nílùú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á dúdú kirikiri, kẹrosíìnì àti benzene yẹn náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ á máa ta wọ́n. Goldie àti Jerry ọkọ rẹ̀ bá tọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ ní Kent State, Clarence Cook, nígbà tó sì di 1946 wọ́n ti ní ọṣẹ kan tí èèyàn á fi pa ọwọ́, á nù ún kúrò, láìsí omi rárá. Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni tọkọtaya ti ń pò ó nílé. Iléeṣẹ́ wọn, GOJO, ló tún wá ṣe Purell ní 1988, irú èyí tí gbogbo ayé ń fi pa ọwọ́ nígbà kòrónà.

Tèmi ni pé, ta ló tún fọṣọ nínú ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn náà? Mo bi Tíṣà, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbádùn.

Ẹ ò rí i, mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ òróró tó ń pòórá nílé yìí.

Ìyá Alákàrà ní òróró òun ń fà. Wọ́n fura sí eku, wọ́n fura sáwọn ọmọ Poli. Wọ́n tiẹ̀ wo èmi náà! Ó búra pé Ṣàngó lòun máa fi ẹjọ́ náà sùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilé ìyàgbẹ́ gbé mi jáde, mo sì bá mẹkáníìkì ní ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Òróró wà lọ́wọ́ kan, ṣúgà wà lọ́wọ́ kejì.

Ó bẹ̀ mí kí n bo òun láṣìírí. Ó ní Tíṣà ló kọ́ òun pé ọ̀rá ló ń tú ọ̀rá. Kí omi tó kan ọwọ́: òróró díẹ̀, kó fi ra gbogbo ìka, kí ṣúgà máa họ gíríìsì jáde, kó fi àkísà nù ún, kí ọṣẹ tó dé. Ọṣẹ ní apá tó ń di ọ̀rá mú, ó ní apá tó ń tẹ̀ lé omi, bí omi bá ti ń lọ, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ. Àti pé láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó máa ń fi èékánná ha ọṣẹ, kí ibẹ̀ kún fún ọṣẹ kí gíríìsì má rí àyè. Ìyẹn wú mi lórí.

Mo bò ó láṣìírí. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ti dé pálọ̀ Bàbá Onílé. Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sanwó. Ní báyìí, òróró tí Ìyá Alákàrà bá ti dín àkàrà tán ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ mímọ́ náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé Camry wá, ó wo ọwọ́ mẹkáníìkì lókè nílẹ̀, ó ní kó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tún mọ́tò náà ṣe tán, ọ̀gbẹ́ni náà rí “òróró” nínú ìwé owó. Ó ní, “Òróró kẹ̀? Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ni!” Mẹkáníìkì ní, “Èyí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì, sà.” Ó sì san án.

Ìyá Alákàrà ti gbọ́. Ó ti fowó lé òróró rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ta ló sọ fún un? Ẹ má wo ojú mi o.